Ìgbẹ́ adìẹ àti fatiláísà: méjèèjì lèmi ń lò o

Tí òjò bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí ni ìjà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí Wásáàpù àwa àgbẹ̀. Ẹnìkan á ní òun ò ní fi kẹ́míkà ba ilẹ̀ bàbá òun jẹ́ láé, ìgbẹ́ adìẹ nìkan lòun mọ̀, ẹlòmíì á dá a lóhùn pé ṣé ìgbẹ́ adìẹ lẹ fẹ́ fi bọ́ 20 éékà àgbàdo ni ọ̀gá mi, ẹni kẹta á wá ju fídíò òyìnbó kan síbẹ̀ tí kò bá ilẹ̀ wa tan rárá, bó ṣe máa ń di ariwo nìyẹn. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Méjèèjì ni mò ń lò pọ̀, lórí ilẹ̀ kan náà, fún àgbàdo kan náà, mo dẹ̀ gbà pé lórí irú ilẹ̀ tí a ní lágbègbè wa yìí, ẹni tó bá ń da fatiláísà sóko láì wá nǹkan jíjẹrà sí i, owó ló ń dà sílẹ̀ fún òjò láti gbé lọ.

Ẹ wo ilẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ná. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ gba Ìsẹ́yìn wọ Òkè-Ògùn lọ, iyanrìn ló pọ̀ jù lókè ilẹ̀ wa, ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ díẹ̀ ẹ máa bá òkúta wẹẹrẹ, lẹ́yìn ẹ̀ amọ̀ pupa. Amọ̀ yẹn gan-an kì í ṣe irú èyí tó mọ oúnjẹ ọ̀gbìn dì mú, kaolinite làwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò le rárá. Nǹkan dúdú tó ti jẹrà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ilẹ̀ wa, ewé, gbòǹgbò, ìgbẹ́ ẹran, gbogbo ohun tó ti kú tó ti dàpọ̀ mọ́ ilẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ̀, bí wọn ò tiẹ̀ pè é ní orúkọ kankan. Tí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọ́n á fi sílẹ̀ kó di igbó fún ọdún 7, ọdún 10, tí ewé Akíntọ́lá bá ti bò ó dáadáa wọ́n mọ̀ pé ó ti ń padà bọ̀ sípò nìyẹn (àwọn ibòmíì, ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pe ewé kan náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká tún ìjà àwọn àgbà yẹn jà lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀). Ta ló wá ráyè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún 7 lónìí? Ẹlòmíì, ilẹ̀ tó háyà fún ọdún kan ló ń dá, ó fẹ́ gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀, ó tún fẹ́ ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ní fatiláísà nìkan ti tó. Òótọ́ ni pé kò sí nǹkan tó yá ju yúríà lọ, fatiláísà tó jẹ́ pé náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé dúdú, nìkan ló wà nínú ẹ̀, ẹ bù ú sídìí àgbàdo tó ti ń pọ́n, kí òjò díẹ̀ kàn án, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ewé á ti dúdú. Àmọ́ náítírójìn tó wà nínú ẹ̀, tó bá ti dénú ilẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á sọ ọ́ di ammonium, lẹ́yìn náà nitrate, oríṣi náítírójìn méjì tí àgbàdo lè jẹ, nitrate yìí ni omi máa ń bá lọ jù. Òjò oṣù kẹfà tó ń rọ̀ tó dà bíi pé wọ́n ṣí ọ̀run sílẹ̀ yẹn, tó bá bá a lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí kò ní nǹkan dúdú nínú, fífi ajẹ̀rẹ̀ pọnmi ni, ó máa gba abẹ́ gbòǹgbò kọjá ni, ẹ ò dẹ̀ ní rí i mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá dà á sórí ilẹ̀ gbalasa nínú oòrùn láì bò ó, apá kan nínú ẹ̀ á fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ tún wá wò ó, yúríà tàbí èyíkéyìí nínú àwọn tó jẹ́ ammonium, tẹ́ ẹ bá ń lò ó lọ́dọọdún láì fi nǹkan míì tì í lẹ́yìn, ó máa ń mú kí ilẹ̀ kan, kí ó ní ásíìdì, nígbà tó bá yá, fatiláísà tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń sọ pé "ilẹ̀ ti mọ fatiláísà lára". Ilẹ̀ ò mọ nǹkan kan lára, ebi ló ń pa á.

Ó wá kan àwọn tó ní ìgbẹ́ nìkan. Mo fẹ́ràn wọn o, torí wọ́n mọ iyì ilẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹ fẹ́ kí àgbàdo lórí éékà kan rí náítírójìn tó tó kílò 46 jẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ díẹ̀, ká sọ pé kílò 2 náítírójìn ló wà nínú 100 kílò ẹ̀, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dẹ̀ lè máà tó, ó wà lọ́wọ́ ohun tí adìẹ jẹ àti bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa jáde lọ́dún àkọ́kọ́, ká sọ pé ìdajì. Ó túmọ̀ sí pé ẹ nílò nǹkan bíi kílò 4,600 fún éékà kan ṣoṣo, àpò oníkílò-50 méjìléláàádọ́rùn-ún nìyẹn. Ọ̀gá tó ní 20 éékà yẹn ńkọ́? Tọ́ọ̀nù 92! Tìpà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 5 máa lọ ó máa bọ̀ tó ìgbà 18, ìgbà 19, kí ẹ tó wá sọ̀rọ̀ àwọn tó máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì rù ú wọ inú oko. Ní abúlé mélòó lẹ fẹ́ ti rí ìgbẹ́ adìẹ tó tó bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbẹ́ kì í yára. Àgbàdo ń dàgbà kíákíá láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje, ebi tó máa ń pa á nígbà yẹn kì í dúró de ohun tó ń jẹrà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí èmi wá ń ṣe ni pé mo ń fi tọ́ọ̀nù 2 ìgbẹ́ adìẹ sórí éékà kan, àpò 40 nìyẹn tó bá jẹ́ oníkílò-50, mo wá ń fi àpò méjì NPK 15-15-15 (fatiláísà tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀táṣíọ̀mù nínú) pẹ̀lú ìdajì àpò yúríà kún un. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 oníkílò-50 kọ̀ọ̀kan ní kílò 7.5 náítírójìn nínú, méjì jẹ́ 15. Yúríà ní 46 nínú 100, ààbọ̀ àpò ẹ̀ jẹ́ kílò 11.5. Ìgbẹ́ adìẹ máa mú nǹkan bíi 20 wá lọ́dún àkọ́kọ́. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 46.5. Tí ẹ bá fẹ́ fi fatiláísà inú àpò nìkan dé ibẹ̀, ẹ nílò NPK mẹ́ta àti odindi yúríà kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ àpò NPK kan àti ààbọ̀ yúríà lórí éékà kọ̀ọ̀kan, ní iye tí wọ́n ń tà á báyìí, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́ọ̀bù ajílẹ̀ bọ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré. Mi ò tíì ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn, ó pọ̀ nínú ẹ̀ gan-an, mi ò dẹ̀ ka kálísíọ̀mù àti síńkì tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ NPK tí à ń rà lọ́jà. Ìdajì yòókù nínú náítírójìn ìgbẹ́ yẹn ò sọ nù, ó wà nínú ilẹ̀, á máa jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ ìṣirò yẹn gan-an kọ́ ló wù mí jù níbẹ̀. Ohun tó wù mí ni pé ilẹ̀ tó ti rí ìgbẹ́ jẹ fún ọdún mélòó kan máa ń di fatiláísà mú. Nǹkan dúdú yẹn ń di pọ̀táṣíọ̀mù mú, ó ń di ammonium mú kó tó di nitrate, ó ń fa omi sára, tí ọ̀dá oṣù kẹjọ bá wá dé àgbàdo ò ní tètè ká ewé. Ẹ ti ọwọ́ bọlẹ̀ lábẹ́ poro tó ti rí ìgbẹ́ fún ọdún díẹ̀ kẹ́ ẹ wá ti ọwọ́ bọ ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń lo àpò nìkan. Ti àkọ́kọ́ á ṣù lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ á tú ká bíi gàrí tó ní omi díẹ̀, ekòló á máa yọ́ nínú ẹ̀. Ti èkejì á gba àárín ìka yín ṣàn lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ adìẹ ló dọ́gba o. Èyí tó wá láti inú kéèjì, ìgbẹ́ pọ́ńbélé ni, ó le, ó lè jó irúgbìn tẹ́ ẹ bá lò ó ní tútù. Èyí tó wá láti ilé adìẹ onílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì ló pọ̀ nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Pákó yẹn, kí ó tó jẹrà, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ máa nílò náítírójìn, tí wọn ò bá rí i nínú pákó wọ́n á lọ gba ti ilẹ̀, àgbàdo yín á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó máa sọ pé "mo mà fi ìgbẹ́ sí i". Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, irú ilé adìẹ wo ló ti wá, ó pẹ́ tó ìgbà wo. Ìyá tí èmi ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ̀ mí débi pé tí mo bá ti dé, wọ́n á ti pariwo, "Ẹ má wulẹ̀ rùn ún mọ́ jàre, ti kéèjì ni!" Torí mo máa ń bù ú sọ́wọ́ gbọ́ òórùn ẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ kó o jọ sábẹ́ igi, ẹ wọ́n omi sí i títí tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ á tutù àmọ́ omi ò ní kán, ẹ fi tàpólì bò ó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti gbóná. Ẹ ki irin gígùn bọ àárín ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ọ́, tí kò bá ṣe é dì mú, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òórùn tó máa ń ta sí imú tó máa ń mú kójú ṣomi yẹn, náítírójìn yín ló ń fò lọ o, tó bá ti pọ̀ jù ẹ wá koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo gígé pò ó mọ́ ọn. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó gbó, nígbà yẹn á ti tutù, á ti dúdú, kò ní rùn bí ìgbẹ́ mọ́.

Ohun kan tí mo máa ń rí tó máa ń bí mi nínú ni kí èèyàn kó eérú da sórí òkìtì ìgbẹ́. Eérú dára, pọ̀táṣíọ̀mù wà nínú ẹ̀, ó ń pa ásíìdì ilẹ̀, àmọ́ tó bá pàdé ìgbẹ́ tútù tàbí yúríà ńṣe ló máa ń lé náítírójìn wọn jáde. Ẹ gbé eérú lọ sórí ilẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọjọ́ tó pọ̀ díẹ̀ wà láàárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí n tó gbin àgbàdo ni mo máa ń da ìgbẹ́ tó ti gbó sílẹ̀, tá a dẹ̀ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ nígbà tá a bá ń kọ poro. NPK á wá tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí àgbàdo bá hù. Kì í ṣe ká fọ́n ọn o, igi la fi ń lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó jìn sí ìdí ẹ̀ díẹ̀ bí ìbú ìka mẹ́ta mẹ́rin, ká dà á sínú ẹ̀, ká fẹsẹ̀ bò ó. Yúríà di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, kó tó yọ òdòdó lókè, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, òun náà, a máa ń bò ó. Ìdérí ìgò mínírà làwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, ẹyọ kan sí ihò kan, àgbàdo tó lé ní 21,000 ló máa wà lórí éékà kan, àpò NPK méjì á kan ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ní bíi jíráàmù 5 péré. Ẹ gbé ìdérí yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwọ̀n kékeré, kódà àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń gbà ní títẹ́jú àti ní pípeléke, torí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ tètè parí á kàn máa bù ú lẹ́kùnrẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó dé àárín oko àpò ti tán.

Àgbàdo náà máa ń sọ̀rọ̀. Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó bọ̀ wá sí àárín, lẹ́bàá egungun ewé, náítírójìn ló ń béèrè. Tí ọmọdé ẹ̀ bá pọ́n ní àwọ̀ àlùkò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù náà lè fà á. Tí etí ewé ìsàlẹ̀ bá ń jó bíi pé iná kàn án, pọ̀táṣíọ̀mù ni.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Pọ̀táṣíọ̀mù lẹ̀gẹ́ ń jẹ jù, ọdọọdún là ń hú u kó o lọ, tí à ń bó èèpo ẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, tí èèpo á wá ga bí òkè níbẹ̀ tí wọ́n á máa dáná sun ún. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń sun yẹn! Ẹ kó o, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa, má gbé e lọ ní tútù torí májèlé ẹ̀gẹ́ á ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ dá a padà sóko. Bákan náà ni pòròpórò àgbàdo, tẹ́ ẹ bá sun ún, náítírójìn ẹ̀ ti bá èéfín lọ. Ní ti iṣu, àwọn àgbà sọ pé iṣu tí wọ́n bá fi fatiláísà gbìn kì í gún, pé ó máa ń tètè rà. Mi ò ní bá wọn jiyàn ju, àmọ́ ohun tí mo rò ni pé àwọn tó ń da yúríà sí i lápọ̀jù ló bà á jẹ́, náítírójìn púpọ̀ á mú kí ewé pọ̀ ju iṣu lọ. Èmi, lórí ebè iṣu, ìgbẹ́ màlúù tó ti gbó ni mo ń lò jù, NPK díẹ̀ gan-an, yúríà rárá.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun ni mò ń sọ yìí. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ti gbìyànjú ẹ̀ lóríṣiríṣi, àwọn ló fi gbígbin igi bíi Leucaena àti agunmániyè ní ìlà-ìlà láàárín oko han àgbẹ̀, kí wọ́n máa gé ewé ẹ̀ sórí ilẹ̀, ó dára lójú ìwé, àmọ́ ta ló fẹ́ máa gé igi lọ́dọọdún pẹ̀lú iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà? Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn kan náà, ìjọba Ọ̀yọ́ dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pacesetter, pàǹtírí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pa níbẹ̀ nígbà yẹn ni wọ́n sọ di kọ́ńpóòsì, ìyẹn ajílẹ̀ jíjẹrà, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n fi fatiláísà lé, wọ́n dẹ̀ ṣe èyí tí wọn ò fi nǹkan kan sí. Ní 2006 àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ní tó bá fi máa di 2015 kí àgbẹ̀ máa lo kílò 50 oúnjẹ ọ̀gbìn lórí hẹ́kítà kan dípò 8 tó wà nígbà yẹn, 2015 dé ó kọjá, a ò débẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nairobi lóṣù karùn-ún 2024, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìlera ilẹ̀ kún un, ti oníkẹ́míkà àti ti jíjẹrà pọ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ lórí aàtàn ti mọ èyí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fatiláísà ayédèrú o, torí àwọn kan ń pò ó mọ́ iyanrìn. Ti yúríà rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi, ẹ rò ó, ife á tutù lọ́wọ́ yín bíi pé ó wà nínú fíríìjì, gbogbo ẹ̀ á dẹ̀ yọ́ pátá. Tí nǹkan bá kù nísàlẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. NPK ò rí bẹ́ẹ̀ o, òun kì í yọ́ tán, ẹ má lọ bá oníṣọ́ọ̀bù jà lórí ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí ilé adìẹ, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí tí òjò ò tíì balẹ̀, tó bá ti di oṣù kẹrin gbogbo èèyàn ló ń wá a, owó ẹ̀ á ti lé. Kẹ́ ẹ dẹ̀ má gba ọ̀rọ̀ mi lásán, ẹ yọ poro mélòó kan sọ́tọ̀ nínú oko yín, kẹ́ ẹ fi àpò nìkan sí àwọn kan, ìgbẹ́ nìkan sí àwọn kan, méjèèjì sí àwọn kan, kẹ́ ẹ fi igi sàmì sí wọn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ya á, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ yọ owó tẹ́ ẹ ná kúrò nínú owó tẹ́ ẹ tà á, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó wọlé jù fún mi níbi kọ́mẹ́ǹtì.